Kíkan àti Bíbu: Ẹ̀kọ́ tí Mo Rí Kọ́ Nídìí Agbè Ẹmu àti Ìkòkò Ògì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ohun kan tí yóò ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ó ti jáde láǹfààní, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò kọ̀wé nípa àwọn olùdásílẹ̀, nípa àwọn ọ̀gá àgbà tí ó tọ́ wa, àti nípa orin tí a máa ń kọ ní òròòwúrọ̀. Wọn yóò sì kọ ọ́ dáradára jù mí lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú ohun kékeré kan tí ó wà nínú ilé gbogbo wa jáde, kí n sì yẹ̀ ẹ́ wò níwájú yín: ìdí tí omi dídùn tí ó ti kan fi lè dí olú tín-ín-tín tí ń mú oúnjẹ bu lọ́wọ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti yàrá àyẹ̀wò nìkan. Ó ti di ọ̀ràn àpò àgbàdo méjì rí nínú ẹbí wa, ní ọdún tí a ti pinnu pé owó àpò méjèèjì ni a ó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì. Èmi ni wọ́n ní kí n wá dájọ́ bóyá kí a jẹ ẹ́ tàbí kí a dà á nù. N óò dé orí ìyẹn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ́ bíbu àti ohun tí ń jẹ́ kíkan, nítorí pé bí ènìyàn kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé fún ọmọ rẹ̀.

Ìlú àgbẹ̀ ni Ìnísà. Ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ni ó wà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀nà Ìkìrun wà lápá kan rẹ̀, ọ̀nà Òkukù wà lápá kejì. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìṣòro kan sì wà tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dunjú: àgbàdo àkọ́kọ́ nínú ọdún a máa gbó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ. A ó ya á tán, oòrùn a sì kọ̀ láti ràn. Àgbàdo tí kò gbẹ dénú ni a ó dì sí àpò. A ó gbé àpò ti ògiri, a ó sì máa retí kí owó rẹ̀ gòkè. Lásìkò náà ni ohun tí a kò fojú rí a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí a bá ní búrẹ́dì bu, tàbí pé èlùbọ́ bu, ohun tí a rí ni irun tín-ín-tín funfun, tàbí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, tàbí èyí tí ó dúdú bí èédú. Olú ni gbogbo wọn. Ìbátan ni wọ́n jẹ́ sí olú tí àwọn ìyá wa ń fi se ọbẹ̀, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rí wọn àfi bí wọ́n bá ti di agbo. Aspergillus, Penicillium, Rhizopus àti Fusarium wà lára orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún wọn. Irúgbìn wọn ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ nílé, lọ́jà àti nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí irúgbìn náà bá ti rí oúnjẹ, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti hù. Ìdí nìyí tí búrẹ́dì tí a dì sínú ọ̀rá nígbà tí ó ṣì gbóná fi máa ń bu kíákíá: ọ̀rá ti sé ọ̀rinrin mọ́ ọn.

Kíkan yàtọ̀ sí èyí. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ adẹ́mu kan tí ó ń gbé ní ìtòsí wa. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi, ẹmu kò sì wọ ilé wa fún mímu. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wa ni adẹ́mu náà ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ojú ọmọdé kì í sì í gbàgbé ohun tí ń ru nínú agbè. Omi tí ń sun láti ara ọ̀pẹ dùn, nítorí pé nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, ṣúgà lè tó 10 tàbí kí ó lé. Kò tíì pẹ́ tí ó bọ́ sínú agbè tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti dà bò ó. Yíìsì tí ń jẹ́ Saccharomyces cerevisiae àti bakitéríà tí ń jẹ́ Zymomonas mobilis yóò jẹ ṣúgà náà, wọn yóò sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tí ń mú un ho. Bákan náà ni oríṣi bakitéríà mìíràn yóò máa sọ ṣúgà di ásíìdì lactic, èyí tí ó ń mú nǹkan kan. Bí ó bá tún pẹ́ sí i, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i, ẹ̀yà bakitéríà kẹta yóò gbà á lọ́wọ́ wọn, yóò sọ ọtí inú rẹ̀ di ásíìdì acetic. Nígbà náà ni a ń pè é ní ọtí kíkan.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgàdàgídí tí àwọn baba wa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n rókí ṣe. Wọn a gé e sínú omi, ṣúgà inú rẹ̀ a jáde sínú omi náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan a sì kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pẹ̀lú ń tọ ọ̀nà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo tí a ti jẹ́ kí ó hù ni a fi ń ṣe é. Híhù náà ni ó ń sọ ohun líle inú àgbàdo di dídùn. Orúkọ wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò ju ọ̀kan lọ: ṣúgà ni ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ni òṣìṣẹ́, ásíìdì sì ni òpin.

Àwọn ènìyàn ti ń ṣe irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé kí wọ́n tó mọ ohun tí ń mú un kan. Ní ọdún 1856, ní ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bigo, ẹni tí ń fi omi ṣúgà inú beet ṣe ọtí, rí i pé àwọn àgbá kan ń kan dípò kí wọ́n di ọtí. Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Louis Pasteur. Bàbá náà tọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀ lọ. Pasteur bu omi láti inú àgbá tí ó dára àti láti inú èyí tí ó bàjẹ́, ó fi ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi lójú wò wọ́n. Nínú èyí tí ó dára, ó rí yíìsì róbótó róbótó; nínú èyí tí ó kan, ó rí àwọn ohun mìíràn tí ó kéré ju yíìsì lọ, tí wọ́n rí bí ọ̀pá. Ní ọdún 1857 ó tẹ ìwé jáde tí ó fi sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ohun alààyè ni kíkan jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ìṣòro iṣẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó darí olùkọ́ yìí sí ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí.

Ní báyìí, báwo ni ohun tí ó kan ṣe ń dí olú lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọtí inú rẹ̀ ni. Ọtí inú ẹmu kéré jù fún iṣẹ́ náà. Ásíìdì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú omi, ásíìdì wà ní ìrísí méjì: àwọn kan wà ní odindi, àwọn kan sì ti pín sí méjì. Odindi nìkan ni ó rọrùn fún láti gba ara sẹ́ẹ̀lì olú kọjá wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, ó bá ibi tí kò kan pàdé, yóò sì pín níbẹ̀, yóò sọ inú sẹ́ẹ̀lì náà di kíkan. Olú yóò wá máa fi gbogbo agbára rẹ̀ gbọ́n ásíìdì jáde bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ó lu, kò sì ní ní agbára tí yóò fi dàgbà mọ́.

Ìwọ̀n kíkan tí a ń pè ní pH ni ó ń sọ iye ásíìdì tí yóò wà ní odindi. Bí pH bá jẹ́ 4, nínú 100 mólékù ásíìdì acetic, nǹkan bí 85 ni ó wà ní odindi. Ti lactic jẹ́ nǹkan bí 42. Bí pH bá gòkè dé 6, ti acetic yóò dín sí nǹkan bí 5, ti lactic kò sì ní tó 1. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìṣirò yìí. Èkíní ni pé ásíìdì acetic, èyí tí ó wà nínú ọtí kíkan, lágbára sí olú ju lactic lọ. Èkejì ni pé kíkan gbọ́dọ̀ kan tó. Èyí tí ó kàn fẹ́ẹ́ kan lásán kò lè dá olú dúró.

Ásíìdì nìkan kọ́ sì ni ohun ìjà àwọn bakitéríà yìí. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí ó ti kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lactobacillus plantarum. Wọ́n rí i pé ó ń ṣe ohun kan tí a ń pè ní phenyllactic acid, èyí tí ń dí olú lọ́wọ́. Irú bakitéríà yìí kan náà wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù lọ nínú ògì wa. Ní Brazil, àwọn olùwádìí mú àwọn hóró kékeré tí wọ́n ń pè ní kefir, wọ́n rẹ wọ́n sínú omi oríṣiríṣi ṣúgà kí ó kan, wọ́n sì dán omi náà wò lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn, títí kan olú kan tí ń jẹ́ Candida albicans. Wọ́n rí i pé irú ṣúgà tí a lò ń yí agbára ohun mímu náà padà. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì wa ti yọ bakitéríà jáde láti inú ògì àti àwọn oúnjẹ kíkan mìíràn, wọ́n sì rí àwọn tí ó lè dí olú oúnjẹ lọ́wọ́ nínú wọn.

Kí yíìsì inú agolo tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ẹmu ni ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń mú ìyẹ̀fun wọn wú. Ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń ṣe nígbà èwe òun. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi, tí kì í fi ẹnu kan ẹmu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ṣeé ṣe kí òun ti jẹ ìṣù búrẹ́dì rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kan láìbéèrè ohun tí ó mú un wú.

Àmọ́ ìyá mi ni olùkọ́ mi gidi nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ògì ni ó ń ṣe tà. Yóò rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò lọ̀ ọ́, yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ, yóò yọ èèrí rẹ̀ kúrò, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Omi tí ó dúró lórí ògì náà ni a ń pè ní omidùn. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta níhìn-ín, mo bi í léèrè ìdí tí ògì tí ó wà nísàlẹ̀ omi kì í fi í bu, tí ẹ̀kọ tí a fi ògì kan náà ṣe tí a sì pọ́n sínú ewé fi máa ń bu bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí tí ó wà nínú omi ní ẹ̀ṣọ́. Èyí tí a ti gbé kaná, a ti lé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ." Ó ya mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo rí i pé òótọ́ ni. Iná ti pa àwọn bakitéríà tí ń ṣe ásíìdì. Ẹ̀kọ kò sì sí lábẹ́ omi mọ́, afẹ́fẹ́ tí olú ń fẹ́ ti dé ara rẹ̀.

Ohun kejì tí ó kọ́ mi ni pé ẹ̀ṣọ́ náà pẹ̀lú ń fẹ́ ìtọ́jú. Kì í jẹ́ kí omi orí ògì pẹ́ kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a bo ojú omi náà. Àwọn yíìsì tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n. Ásíìdì gan-an ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá ti ń jẹ ásíìdì, pH ń gòkè, ilẹ̀kùn sì ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ fún olú. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ó kan lónìí lè bu lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àpò àgbàdo méjì. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ni ó ni wọ́n. Ó kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn ní àsìkò òjò, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lásán. Nígbà tí ó fi máa tú wọn, àgbàdo náà ti lẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tí ó pọ́n díẹ̀ sì bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún àwọn adìyẹ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, àwọn adìyẹ náà kò yé mọ́, mẹ́fà nínú wọn sì ti kú. Dókítà ẹranko tí ó wá wò wọ́n ní kí ó má ṣe fún wọn ní àgbàdo náà mọ́. Ìyá Ìbejì ru èyí tí ó kù wá sí ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rẹ ẹ́ sí ògì. Ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ pé ohun tí ó kan kì í bu. Kíkan yóò pa á."

Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìkòkò ògì mi kì í ṣe ibi ìsìnkú." Ó sì ránṣẹ́ pè mí.

Ìyá Ìbejì wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni o kàwé nínú wa. Ṣé òótọ́ ni pé kíkan ń pa olú yìí tàbí irọ́ ni?"

Òótọ́ ni, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò gba àpò méjì yẹn là. Nígbà tí olú kan tí ń jẹ́ Aspergillus flavus bá hù lórí àgbàdo tàbí ẹ̀pà, ó lè tu májèlé kan tí ń jẹ́ aflatoxin sínú hóró. Kíkan lè dá olú dúró kí ó má baà hù. Ó tilẹ̀ lè pa á lẹ́yìn tí ó bá hù. Ṣùgbọ́n bí olú bá kú, májèlé rẹ̀ kò bá a kú. Sísè lórí iná wa kò tó láti ba májèlé náà jẹ́. Rírẹ, lílọ̀ àti sísẹ́ ògì lè dín in kù. Kò lè mú un tán. Omi rẹ̀ yóò mọ́, òórùn ògì yóò ta sánsán, ahọ́n kò sì ní mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Mo sọ ìtàn méjì fún un kí ó má baà rò pé ìwé ni mo ń kà sí i létí. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ̀pà tí a lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn, tí a kó wá láti Brazil, ni ó ti bu. Ìwádìí lórí ikú wọn ni ó jẹ́ kí a mọ aflatoxin. Ní ọdún 2004, ní ilẹ̀ Kenya, àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́ ni ó bu. A ka ènìyàn 317 tí ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Èyí tí kì í pa ènìyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò tún sàn jù: májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀ díẹ̀, ó sì wà lára ohun tí àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ìyá Ìbejì kò dá mi lóhùn. Ó jókòó lórí àpótí ìyá mi, ó ń ṣírò owó lórí ìka rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó ń ṣírò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a gbẹ́ kòtò ní ẹ̀yìn ilé, a da àpò méjèèjì sí i, a sì bò ó, kí adìyẹ ará àdúgbò má baà jẹ nínú rẹ̀. Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ mú owó jáde fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì, àwa yòókù sì fi tiwa kún un. Ó pẹ́ kí inú àbúrò ìyá mi tó yọ́ sí mi. Èmi kò bá a wí. Ẹni tí ó bá fi ojú rí oúnjẹ ọdún kan nínú kòtò ni ó mọ bí ó ti ń rí lára.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó bi mí léèrè ohun tí ènìyàn lè ṣe kí ó má baà tún rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo sọ fún un ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí. Má ṣe sá àgbàdo sórí erùpẹ̀. Tẹ́ ọ̀rá ńlá tí ó nípọn sílẹ̀, kí o sì kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju 13 lọ nínú ìwọ̀n 100. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ mú ìgò gbígbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí i pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Ẹ to àpò sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri. Ẹ ṣa hóró tí ó fọ́, èyí tí ó rẹ̀wẹ̀sì àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà kúrò. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, tún ti ṣe ohun kan tí ń jẹ́ Aflasafe, tí a máa ń fọ́n sí oko kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Ìbátan Aspergillus flavus tí kì í ṣe májèlé ni ó wà nínú rẹ̀; yóò gba ilẹ̀ mọ́ oníwà ibi náà lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì ń lo pákó báyìí, ìgò iyọ̀ rẹ̀ sì wà lórí fèrèsé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè bí ó ṣe tọ́ kí a máa sọ̀rọ̀ ẹmu àti àgàdàgídí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni. Bàbá mi náà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, àkàbà kan náà ni. Dídùn wà nísàlẹ̀, ọtí wà láàárín, kíkan wà lókè. Ẹ̀yin kọ̀ láti dúró láàárín, ẹ sì ṣe dáadáa. Èmi ń sọ nípa òkè." Omidùn kì í pa ènìyàn bí ọtí, ọtí kíkan kì í sì í sọ ènìyàn di ọ̀mùtípara. Àwọn tí wọ́n kọ Ìwé Mímọ́ mọ ìwúkàrà, wọ́n mọ ọtí kíkan, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ilé. Kò sí ìtìjú nínú kí a mọ ohun tí Ọlọ́run fi sínú ohun kékeré.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ bẹ àwọn olùkọ́ yín kí ẹ jọ dán an wò. Ẹ wá ìgò mẹ́ta tí ó mọ́ tí ó sì ní ìdérí. Ẹ fi ègé búrẹ́dì kékeré kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ́n omi lásán sí ti àkọ́kọ́, ẹ wọ́n omidùn kíkan sí ti èkejì, ẹ sì wọ́n omidùn tí ẹ ti fi káún pa kíkan rẹ̀ sí ti ẹ̀kẹta; kí ìwọ̀n tí ẹ wọ́n sí wọn dọ́gba. Ẹ dé wọn pa, ẹ kọ ọjọ́ sí wọn lára, kí ẹ sì máa wò wọ́n láti ìta lójoojúmọ́. Ìgò ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí búrẹ́dì inú rẹ̀ bá bu ṣáájú ti èkejì, ẹ ti fi ojú ara yín rí i pé ásíìdì ni ẹ̀ṣọ́ tí ìyá mi ń wí. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ti rí i, kí ẹ sì wá ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣí àwọn ìgò náà, ẹ má ṣe fa afẹ́fẹ́ inú wọn símú. Bí ẹ bá parí, kí olùkọ́ yín bá yín sun wọ́n níná.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ́ mi láti béèrè ìdí, ìyá mi sì kọ́ mi láti má ṣe fi ohun tí ó ti bàjẹ́ pamọ́ sábẹ́ ohun tí ó dára. Kíkan dára kí bíbu tó dé. Lẹ́yìn tí bíbu bá ti dé, kòtò ni ó kù.